Láti orí ìtàgé ní Kàbà sí eré sóòpù ní Èkó: ìdáhùn sí ìbéèrè ọmọbìnrin kan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ ọdún 23 ni mí, Kàbà ni mo ń gbé. Ó ti tó ọdún 6 tí mo ti ń ṣeré lórí ìtàgé pẹ̀lú ẹgbẹ́ eré ìjọ wa àti pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan ní Lọ́kọ́ja. Wọ́n ti wá pè mí sí eré sóòpù kan tí wọ́n fẹ́ máa yà ní Èkó, wọ́n sì ní kí n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọdún 2. Olùdarí ẹgbẹ́ wa sọ pé bí mo bá lọ, kí n gbàgbé orí ìtàgé, nítorí pé kámẹ́rà máa ń ba òṣèré jẹ́. Ìyá mi kò fẹ́ kí n lọ rárá. Ṣé òótọ́ ni pé ènìyàn kan kò lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì?

Okun o, ọmọ mi. Bá mi kí ìyá rẹ, nítorí pé bí mo ṣe ń ka ìwé rẹ ni mo ń rí i pé òun ni ọ̀rọ̀ yìí dùn jù. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé, n ó dá ọ lóhùn ní ṣókí: gba iṣẹ́ náà, má sì fi orí ìtàgé sílẹ̀. Ohun tí olùdarí rẹ sọ kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kọ́ ni ó yẹ kí ó fi ẹ̀sùn kàn. Mo ti lò ju ọdún 30 lọ nídìí iṣẹ́ yìí, lórí ìtàgé àti nínú eré tẹlifíṣọ̀n àtìgbàdégbà mẹ́ta, kí n tó padà sí Ìyàrà níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní eré ṣíṣe báyìí, n kò sì tíì rí òṣèrébìnrin kan tí kámẹ́rà bà jẹ́. Àwọn tí mo rí tí iṣẹ́ sóòpù bà jẹ́, gígùn rẹ̀ ni wọn kò mọ̀ bí a ti ń gbé.

Gígùn yẹn gan-an ni ó sọ sóòpù di sóòpù. Ọ̀pọ̀ ń pe orúkọ náà láìmọ̀ pé ọṣẹ tí a fi ń fọṣọ ni ó ti wá. Ní Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí ọdún 1930, àwọn ilé iṣẹ́ rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eré kéékèèké sáfẹ́fẹ́ ní ọ̀sán, ní àkókò tí àwọn ìyàwó ilé ń fọṣọ tí wọ́n sì ń dáná, àwọn tí ń ṣe ọṣẹ ni wọ́n sì ń san owó eré náà kí wọ́n lè rí àyè polówó ọjà wọn láàárín rẹ̀. Nítorí pé wọ́n ń fẹ́ kí obìnrin tí ó gbọ́ eré lónìí tún tan rédíò rẹ̀ lọ́la, eré náà kò gbọdọ̀ parí. Bí wàhálà kan bá ń tán lọ, òmíràn ti gbọ́dọ̀ máa yọrí. Irú eré bẹ́ẹ̀ dé ilẹ̀ wa pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tiwa kì í sábà gùn tó tiwọn. The Village Headmaster tí Ṣẹ́gun Olúṣọlá dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní ìparí àwọn ọdún 1960, ó sì wọ inú àwọn ọdún 1980. Checkmate ti Amaka Igwe gba orí tẹlifíṣọ̀n ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Tinsel, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2008, kọjá ìpín 1,000 kí ó tó pé ọdún 6. Nínú eré ìtàgé, o mọ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ìdánrawò pé ọba yóò kú ní ìran kẹta, o sì lè wọn ìbànújẹ́ rẹ kí ó má tán kí o tó dé ibẹ̀. Nínú sóòpù, ìwọ alára kò mọ̀ bóyá o ṣì máa wà láyé ní oṣù tí ń bọ̀, nítorí pé àwọn tí ń kọ ọ́ kò tíì pinnu.

Jẹ́ kí n sọ nípa obìnrin kan tí ó gbé gígùn yẹn débi tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé e dé. Helen Wagner ti ń ṣeré lórí ìtàgé ní New York kí ó tó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1956, sóòpù Amẹ́ríkà kan, As the World Turns, bẹ̀rẹ̀, òun ni ó sì sọ gbólóhùn àkọ́kọ́ inú rẹ̀, ó kí ọkọ rẹ̀ pé ẹ káàárọ̀. Yàtọ̀ sí àwọn ìgbà díẹ̀ tí ó fi yà kúrò níbẹ̀, obìnrin kan ṣoṣo yẹn, Nancy Hughes, ni ó ń jẹ́ títí ó fi kú ní ọdún 2010, ní ẹni ọdún 91. Ó gbó, Nancy náà gbó. Ní ọdún tí ó kú ni eré náà fúnra rẹ̀ parí.

Ọjọ́ kan wà nínú ìtàn rẹ̀ tí mo máa ń sọ fún gbogbo ọmọ ìtàgé tí ó bá ń bẹ̀rù tẹlifíṣọ̀n. Láyé ìgbà náà, wọn kì í yà á sílẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe ń ṣe é ni ó ń lọ sáfẹ́fẹ́ tààrà. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 1963, Helen Wagner àti ọkùnrin tí ń ṣe bàbá ọkọ rẹ̀ jọ ń sọ̀rọ̀ nínú eré nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n já wọn gé láti kéde pé wọ́n ti yìnbọn lu Ààrẹ Kennedy. Kò sí ẹni tí ó sọ fún àwọn òṣèré. Gbogbo Amẹ́ríkà ti ń gbọ́ ìròyìn, ṣùgbọ́n nínú yàrá ìyàwòrán yẹn, àwọn méjèèjì ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ, wọn kò sì mọ̀ pé kò sí ẹni tí ń wò wọ́n mọ́. Ta ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ẹni tí ìtàgé tọ́? Nígbà tí iná NEPA lọ ní gbọ̀ngàn yín ní àárín eré Àjíǹde, tí ẹ sì ń sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn títí ẹnì kan fi tan jẹnẹrétọ̀, irú ẹ̀kọ́ kan náà ni ẹ ń kọ́. (N kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹgbẹ́ eré kan ní gbogbo ilẹ̀ Okun, ilẹ̀ àwa Yorùbá Kogí, tí irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ sí.)

Nítorí náà, o kò lọ ní ọwọ́ òfo. Síbẹ̀, àwọn nǹkan kan wà tí ìtàgé ti fi kọ́ ọ tí o ní láti tú ká, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ wọ́n kí o tó débẹ̀, kí ojú má baà tì ọ́ bí ó ti tì mí.

Ní ọjọ́ kìíní mi níwájú kámẹ́rà, ìyá tí ó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé bàbá rẹ̀ ti kú ni mò ń ṣe. Mo mí kanlẹ̀, mo gbé ohùn mi láti ìsàlẹ̀ ikùn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ mi, mo sì sọ ọ́ kí ẹni tí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí ó kẹ́yìn nínú gbọ̀ngàn ní Ìsánlú lè gbọ́ ọ. Ọmọkùnrin tí ń gba ohùn sílẹ̀ sáré yọ ohun tí ó fi bo etí, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí mú, nígbà tí ojú rẹ̀ sì padà bọ̀ sípò, ó ní, “Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, àyà yín ni ẹ̀rọ náà wà, kò sí ní òdì kejì odò Ọya.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, mo rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú mi ṣì ń pariwo: mo la ẹyinjú, mo gbé ìpéǹpéjú sókè, mo mi orí. Olùdarí pè mí wá wo ara mi nínú ẹ̀rọ kékeré tí ó wà níwájú rẹ̀. Ojú mi gba gbogbo gíláàsì náà, ó fẹ̀ bí ojú òwìwí. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé òótọ́ tí kò lẹ́gbẹ́ ni àwọn àgbà sọ nígbà tí wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Lórí ìtàgé, ìwọ ni o ń gbé ọ̀rọ̀ lọ bá òǹwòran níbi tí ó jókòó sí. Kámẹ́rà ni ó ń wá ọ wá, ó sì ń sún mọ́ ọ ju bí ọkọ ṣe ń sún mọ́ ìyàwó lọ. Bí o bá kàn rò ó nínú, ó ti rí i.

Ìṣòro kejì kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ni ó gba omi ojú mi jù. Ìran kan ṣoṣo ni wọn yóò yà nígbà 6 tàbí 7, láti apá ọ̀tún, láti apá òsì, láti òkèèrè, láti itòsí, wọn yóò wá gé wọn, wọn yóò sì so wọ́n pọ̀ bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀kan ni o ṣe é. Ohun tí o bá ṣe pẹ̀lú ọwọ́ rẹ ní ìgbà àkọ́kọ́, o gbọ́dọ̀ ṣe é ní orí ọ̀rọ̀ kan náà ní ìgbà keje. Mo gbé ife tíì pẹ̀lú ọwọ́ òsì nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ náà “ilé”. Ní ìgbà karùn-ún, tí inú mi ti bàjẹ́ dénú, tí omijé gidi ti ń bọ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi gbé e. Ọmọbìnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ na ọwọ́ sókè láti ẹ̀yìn, ó ní, “Ọwọ́ òsì ni, mà.” Omijé náà sì ṣòfò. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé eré mi: òsì, ilé, fi sílẹ̀, bàbá rẹ. Lórí ìtàgé, wọ́n máa ń sọ fún wa pé kí a gbàgbé ara wa. Irọ́ ni. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran, níbi tí wọ́n sì ti ń ya sóòpù, ìwọ yóò sunkún, ìwọ yóò rí ife, ìwọ yóò tún rí tépù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ rẹ gbọ́dọ̀ dúró sí kí iná tó lè bọ́ sí ojú rẹ.

Wọn kì í sì í tẹ̀lé ètò ìtàn. Gbogbo ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ nínú pálọ̀ kan, láti ìpín kìíní dé ìpín kẹwàá, ọjọ́ kan náà ni wọn yóò yà á kí wọ́n lè kó ìmọ́lẹ̀ wọn lọ síbòmíràn. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí pé mo sin ọkọ mi ní àárọ̀, mo sì bá a ṣe ìgbéyàwó ní ọ̀sán, lẹ́yìn ìrẹsì. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni pé kí o ní ìwé kékeré kan fún ẹni tí o ń ṣe, kí o máa kọ síbẹ̀ ohun tí ó mọ̀ àti ohun tí kò tíì mọ̀ ní ìpín kọ̀ọ̀kan.

Ti ọ̀rọ̀ híhá, o kò ní wàhálà púpọ̀ nítorí ọjọ́ orí rẹ. Kàn mọ̀ pé irú híhá mìíràn ni. Lórí ìtàgé, o ń há ọ̀rọ̀ fún oṣù 2 kí ó lè wọ eegun. Nínú sóòpù ojoojúmọ́, ó lè jẹ́ pé alẹ́ àná ni ìwé dé, kí ẹni tí ó ní ipò ńlá sì ní ojú ewé 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti mọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ó sì tú gbogbo rẹ̀ dànù ní ìrọ̀lẹ́ kí àyè lè wà fún ti ọ̀la.

Mo wá dé ibi tí olùdarí rẹ ti ní ẹjọ́ díẹ̀. Bí ọdún bá ṣe ń gorí ọdún, ẹni tí o ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n lè gbé orúkọ rẹ mì. Ìwọ náà máa ń pe olófòófó ní amẹ́bọ̀, ṣùgbọ́n ǹjẹ́ o mọ̀ pé obìnrin kan nínú The Village Headmaster ni Amebo? Ibidun Allison ni ó ṣe é. Ó ṣe é dáadáa débi pé orúkọ náà fi tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, ó wọ ọjà, ó di ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà náà ń lò káàkiri Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gbọ́ orúkọ òṣèré náà rí. Ògo ńlá ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ògo ta ni? Wo Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé pẹ̀lú. Ní ọdún 2001, ó ṣe Toyin Tomato nínú Super Story, àwọn kan kò sì pè é ní orúkọ mìíràn mọ́ títí fíìmù King of Boys fi jáde ní ọdún 2018 tí wọ́n tún rí i bí ẹlòmíràn. Ọdún 17 ni ó wà láàárín méjèèjì. Bí wọ́n bá fún ọ ní ipò ìyàwó kejì tí ń fi májèlé sínú ọbẹ̀, múra sílẹ̀ pé ní ọjọ́ ọjà Kàbà, ìyá àgbà kan tí kò mọ̀ ọ́ rí yóò kọ̀ láti ta iṣu fún ọ, yóò sì sọ ìdí rẹ̀ sí ọ lójú. Ó ti ṣe mí. Inú mi dùn fún ọjọ́ kan, lẹ́yìn náà ó sú mi.

Oògùn rẹ̀ ni ìtàgé. Ohun tí olùdarí rẹ kò wò nìyẹn: nígbà tí òkìkí sóòpù bá ti sé ọ mọ́ inú ènìyàn kan, orí ìtàgé ni o ti lè jẹ́ ẹlòmíràn níwájú àwọn tí wọ́n gbà pé wọ́n ti mọ̀ ọ́ tán. Susan Lucci ṣe Erica Kane nínú sóòpù Amẹ́ríkà kan, All My Children, láti ọdún 1970 títí eré náà fi kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 2011. Ìgbà 18 ni wọ́n yàn án fún Emmy, ẹ̀bùn tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, tí kò gbà á, tí ó jókòó síbẹ̀ tí ó ń pàtẹ́wọ́ fún ẹlòmíràn. Ní ìgbà kọkàndínlógún, ní ọdún 1999, ó gbà á. Ohun tí ó wù mí jù nínú ìtàn rẹ̀ ni èyí tí ó tẹ̀lé e: ní ìparí ọdún yẹn kan náà, ó gba àyè ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó lọ kọrin, ó sì ṣeré lórí ìtàgé Broadway ní New York, nínú Annie Get Your Gun, nígbà tí obìnrin tí ó ni ipò náà lọ sinmi. Lẹ́yìn náà ó padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀. Di ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yẹn mú, n ó padà sí i.

Ní ilẹ̀ tiwa, àwọn ìyá wa kò tilẹ̀ mọ odi kankan láàárín méjèèjì. Abíọ́dún Dúró-Ládiípọ̀, tí ó ṣe Ọya nínú Ọba Kò So, bá ẹgbẹ́ ọkọ rẹ̀ dé Jámánì ní ọdún 1964 àti Ìlú Ọba ní ọdún 1965, àwa tí a wà nílé sì mọ ojú rẹ̀ nínú eré tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn náà. Taiwo Ajai-Lycett, tí wọ́n bí ní ọdún 1941, bẹ̀rẹ̀ lórí ìtàgé Royal Court ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1966, nínú eré Wọlé Ṣóyíinká, ó ṣe tẹlifíṣọ̀n lọ́hùn-ún àti nílé, ó sì ti lé ní ẹni ọdún 70 tí ó ṣì ń dúró lórí ìtàgé nínú Hear Word! pẹ̀lú àwọn tí ó lè bí. Joke Silva kọ́ eré ṣíṣe ní ilé ẹ̀kọ́ Webber Douglas ní Lọ́ńdọ̀nù, o sì mọ̀ ọ́n láti inú tẹlifíṣọ̀n àti fíìmù, ṣùgbọ́n bí o bá gbọ́ bí ó ti ń fi èémí gbé gbólóhùn gígùn, ìwọ yóò mọ̀ pé ìtàgé ni ó kọ́ ọ.

O kò béèrè nípa ohùn rẹ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé yóò yọjú, nítorí pé kò sí ọmọ Okun tí kò rí i. Bí eré náà bá jẹ́ ti èdè Yorùbá, ní ọ̀sẹ̀ kìíní ni ẹnì kan yóò sọ fún ọ pé èdè rẹ “le”, tàbí kí wọ́n bi ọ́ bóyá Yorùbá ni ọ́ rárá. Ohùn wa a máa gbé ọ̀rọ̀ sókè níbi tí ará Ọ̀yọ́ ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi lọ́dọ̀ wa, a kì í sì í fi “ẹ” bọ̀wọ̀ fún àgbà bí àwọn tí ń ṣe. Bí o bá ń sọ èdè ilé, o lè fi “o” bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀ kí ó má ka ìwà àfojúdi sí ọ lọ́rùn. Ṣe bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ya eré ní Èkó, wọn yóò ní o kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Kọ́ èdè tí ìwé eré fẹ́, kọ́ ọ dáadáa bí ìgbà tí o ń kọ́ orin, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ èdè Òwé, èdè Kàbà yín, kúrò lẹ́nu rẹ. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹni tí ń kọ eré yóò fẹ́ obìnrin kan láti Mọ̀pà tàbí láti Ẹ̀gbẹ̀, tí yóò sì jẹ́ pé ìwọ nìkan ni o lè ṣe é láìjẹ́ pé a fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ti ìwé àdéhùn, fi ara balẹ̀ kà á, nítorí pé ibẹ̀ ni ọdún 2 yẹn wà. Èkíní, wò ó bóyá ọdún 2 ni lóòótọ́, tàbí ọdún 2 tí wọ́n lè sọ di 4 láìbi ọ́. Èkejì, wo ohun tí wọ́n kọ nípa iṣẹ́ mìíràn. Púpọ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ó ní kí o má ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn ní gbogbo àkókò náà. Bí wọ́n bá ní kí o má ṣe sóòpù mìíràn tàbí ìpolówó ọjà mìíràn, ó yé mi. Bí ó bá kan orí ìtàgé, kọ̀. Ẹ̀kẹta, béèrè bóyá ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n ń sanwó fún tàbí ìpín eré. Ìpín ni ó dára lójú, òun ni èmi náà gbà ní ìgbà kan lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n san owó ìpín 13 fún mi. Nígbà tí eré jáde, mo jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ mi láti wò ó, ó sì ń lọ, ó ń lọ, ó kọjá 13, ó kọjá 20. Wọ́n ti gé ohun tí a yà sí ìpín 26. Mo lọ bá wọn. Wọ́n fi ibi tí mo fọwọ́ sí hàn mí, níbi tí a kọ ọ́ sí pé àwọn ni yóò pinnu bí ìpín kọ̀ọ̀kan ṣe máa gùn tó. Mo mu omi tútù tí wọ́n gbé fún mi, mo sì padà sílé. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n kọ, kò ní ṣẹlẹ̀.

Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti ọdún 2022 fún òṣèré ní ẹ̀tọ́ lórí eré tí ó ṣe, kì í ṣe ẹni tí ó kọ ọ́ nìkan ni ó ní ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá ti fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ pé o ti gbé gbogbo ẹ̀tọ́ náà sílẹ̀ títí ayé, òfin lè má rí i gbà padà fún ọ. Nítorí náà, jẹ́ kí wọ́n kọ ohun tí yóò jẹ́ tìrẹ bí wọ́n bá gbé eré náà lọ sí ìkànnì mìíràn tàbí sórí YouTube, kí wọ́n sì kọ ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ àti ibùsùn. Kí o tó dé Èkó láti Kàbà, odidi ọjọ́ kan ti lọ, bí ọ̀nà bá sì dára ni mo ń sọ. Forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn òṣèré, AGN tàbí TAMPAN, kí o tó lọ, kí o lè ní ibi tí o ti máa fi ẹjọ́ sùn. Wá lọ́yà kan ní Lọ́kọ́ja kí ó bá ọ kà á. Owó tí o máa san fún un kò tó ìpín kan.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìyá rẹ. Má bá a jà. Ẹ̀rù tí ń bà á ti pẹ́ ju òun lọ. Nígbà tí Hubert Ogunde dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1940, ìdílé tí ó lè yọ̀ǹda ọmọbìnrin wọn fún eré kò wọ́pọ̀, nítorí pé ojú aláìníṣẹ́ àti oníṣekúṣe ni wọ́n fi ń wo òṣèré, ọ̀nà tí ó sì gbà kí ọwọ́ rẹ̀ tó tẹ obìnrin tí yóò dúró ti eré ni pé ó ń fẹ́ wọn níyàwó. Àwọn alárìnjò tí ó ṣáájú rẹ̀ kò tilẹ̀ ṣe wàhálà yẹn, ọkùnrin ni wọ́n ń fi aṣọ obìnrin wọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa níbí, èmi kò rò pé ó yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé obìnrin dúró níwájú èrò. Àwọn Òfósì tí àwọn ìyá wa àgbà mọ̀ ní Yàgbà, Ìjùmú àti Bùnú, obìnrin tí ń sin ẹbọra ni wọ́n, wọ́n ní orin tiwọn àti èdè tí ará ìta kò gbọ́, gbogbo ìlú sì máa ń jáde wò wọ́n. Mo mọ̀ pé ọmọ ìjọ ni ìyá rẹ, n kò sì ní kí o lọ fi ọ̀rọ̀ ẹbọra tù ú nínú. Mount Zion, ẹgbẹ́ eré Kristẹni, ni kí o fi ṣe àpẹẹrẹ fún un. Mike Bámilóyè dá a sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1985, láti ọdún wọ̀nyí sì ni ìyàwó rẹ̀ Gloria ti ń ṣeré níwájú ìjọ àti níwájú kámẹ́rà. Ó dá mi lójú pé ìyá rẹ ti jókòó wò ó rí ní gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Kàbà, tí kò sì ronú lẹ́ẹ̀kan pé ìwà òṣèrébìnrin náà kò dára.

Lẹ́yìn náà, dá a lóhùn sí ohun tí ń bẹ lọ́kàn rẹ̀ gan-an: ọ̀dọ̀ ta ni o máa sùn ní Èkó, ta ni yóò gbé ọ lọ sílé nígbà tí iṣẹ́ bá parí ní aago 11 alẹ́, ta ni òun lè pè bí ó bá pè ọ́ tí o kò gbé fóònù? Bí o bá lè mú un dání ní ọ̀sẹ̀ kìíní, mú un dání. Mo ti rí ìyá kan láti Ògìdì tí ó tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ lọ láti lọ ṣọ́ ọ, kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí ó ti ń bá wọn se oúnjẹ òṣèré, ó sì ti ń sọ fún olùdarí ibi tí ọmọ òun kò ti ṣe dáadáa.

Mo ní n ó padà sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ti Susan Lucci. Nígbà tí o bá ń dá ìwé àdéhùn náà padà, béèrè fún ọ̀sẹ̀ 3 lọ́dọọdún tí wọn kò ní pè ọ́, kí ó bọ́ sí àkókò Àjíǹde nígbà tí ẹgbẹ́ yín bá ń ṣeré ní Kàbà, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ náà sínú ìwé. Ìlérí ẹnu kò tó. Wọ́n lè ṣe é. Àwọn tí ń kọ eré kàn máa rán ọ lọ sí ìrìn-àjò ni, tàbí kí wọ́n fi ọ́ sí ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá ní ọ̀sẹ̀ 3 ti pọ̀ jù, gba 2. Bí wọ́n bá kọ̀ láti fún ọ ní 2 pẹ̀lú, má tíì fọwọ́ sí i. Fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sí mi ní Ìyàrà ná, gbogbo ojú ewé rẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n fi lẹ́tà wíwẹ́ kọ.